Kókó Tí Mo Bẹ Ọlọ́run Fún

Ọwọ́ òsì mi ló kọ́kọ́ di ọ̀làwọ́. Ara mi yòókù ò gbọ́ sí i.

Gàrí ni mo ń tà lọ́jà Ìlobù. Ẹni tó bá ti ra gàrí rí mọ̀ pé orí kóńgò ni ìjà ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń rà á máa ń wà. Ẹni tó ń rà á fẹ́ kí o mi kóńgò náà, kí gàrí lè rì wọ inú, kí àyè lè wà fún òmíràn lórí rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ò ní mì í láéláé. Ṣe ni yóò rọra gbé e lé ọwọ́ òsì bí ẹni gbé ọmọ tuntun, tí yóò máa fi ọwọ́ ọ̀tún bu gàrí lé e títí orí rẹ̀ yóò fi ga ṣóńṣó. Gíga yẹn, ojú ló ń tàn jẹ; ìsàlẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Bí ìyá tó bí mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Oníbàárà á ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mì í díẹ̀ fún mi." Èmi á ní, "Ṣé ọmọ ń sunkún nínú ẹ̀ ni, tí n ó fi máa mì í?" Gbogbo ìsọ̀ á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì sanwó.

Lọ́dún kan, nígbà tí àwọn sójà ṣì wà lórí oyè, tí àwọn awakọ̀ Òṣogbo ń dúró de bẹntiróòlù bí ẹni dúró de òṣù ààwẹ̀, ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í mi kóńgò láìgbàṣẹ. Mo gbé e lé e, ó ń gbọ̀n. Gàrí ń rì. Mo bu òmíràn lé e, ìyẹn náà rì. Oníbàárà ń wò mí, kò mí, kò wúkọ́, bí ẹni tó rí ẹran ìgbẹ́ tó ń sùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń tò níwájú mi. Àwọn tó ti ń bá mi ṣọ̀tá láti ọdún mélòó kan padà wá ń kí mi. Wọ́n ní ìyá alágàrí ti ronú pìwà dà, wọ́n ní ó fẹ́ẹ́ lọ sí Mẹ́kà ni, ló ṣe ń ṣe sàárà.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí, "Ṣé òótọ́ ni pé Mẹ́kà lo fẹ́ẹ́ lọ?"

Mo ní, "Ọwọ́ yìí ló fẹ́ẹ́ lọ. Èmi ṣì wà ní Ìlobù."

Bí mo ṣe mú un nìyẹn, mo fi ṣe àwàdà. Mo máa ń fi ọwọ́ náà sábẹ́ itan, mo máa ń jókòó lé e bí adìyẹ jókòó lé ẹyin. Bí mo bá ti gbàgbé, á jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí ìró mi, jẹ́jẹ́jẹ́jẹ́, àtàǹpàkò ń yí ìka bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà. Àlùfáà kan tó ń kọjá tilẹ̀ kí mi kú ìjọ́sìn.

Èyí tó dẹ́rù bà mí kì í ṣe ọwọ́ o. Ojú mi ni.

Ìyàwó ilé kan wá ra gàrí lọ́jọ́ kan, ó ń ná an wálẹ̀ bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Mo ní, "Ìyàwó, ṣé ọkọ rẹ ní kí o wá ra gàrí ni, àbí ó ní kí o wá gbà á lọ́wọ́ mi?" Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn. Obìnrin náà wò mí, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ. Ẹnu yà mí. Mo kọjú sí ọ̀rẹ́ mi aláta.

"Kí ni mo ṣe fún un?"

Ó ní, "O bú u ni."

"Mo bá a ṣeré ni. Ṣé o ò rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín ni?"

"Ọ̀rẹ́, inú ikùn rẹ lo ti ń rín in. Ojú rẹ dà bí ògiri ilé tí wọn ò kùn."

Ó fún mi ní dígí tó fi ń wo tìróò. Mo rẹ́rìn-ín sí dígí náà, ẹ̀rín gidi, èyí tí ń ti ìsàlẹ̀ ọkàn wá. Obìnrin inú rẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó wá kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Mo dá dígí padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti wọ ilé mi. Gbogbo ohun tí mo ní lọ́jà, ẹnu mi ni. Àwàdà tí ojú ò bá sì bá a rẹ́rìn-ín, èébú ni. Ohùn mi náà ń wọlẹ̀. Èmi tí mo bá pe èèyàn láti ìsọ̀, tí ará ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ yóò dáhùn, mo wá di ẹni tí wọ́n ń tẹ etí sí lẹ́nu.

Ọmọbìnrin mi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo nígbà náà. Ó wá kí wa, ó rí mi tí mo ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, ó dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Màámi, ọwọ́ òsì yín ò jù mọ́ bí ẹ bá ń rìn. Ó kàn fara mọ́ ìhà yín ni." Mo ní kó máà wo ọwọ́ mi, kó wo ìrẹsì tó ń jó lórí iná. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti mú mi dé ọsibítù ní Òṣogbo.

Dókítà tó rí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì pinnu bóyá ó fẹ́ẹ́ hù. Ó ní kí n máa fi àtàǹpàkò kan ìka ìfábẹ̀lá kíákíá. Ti ọ̀tún ń sáré. Ti òsì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó kúrú, ó tún kúrú, ó sì dúró bí aago tí wọn ò wáìn. Ó di ìgúnpá mi mú, ó ń nà án, ó ń ká a. Ó ní kí n rìn lọ rìn bọ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró sẹ́yìn mi, tó fa èjìká mi lójijì, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé e.

Mo ní, "Dókítà, ọkọ mi ò fà mí báyìí rí."

Ọmọ mi fi ọwọ́ bo ojú. Dókítà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ló bá tẹjú mọ́ mi.

"Ìyá, ṣé ẹ̀rín yín nìyẹn?"

"Òun nìyẹn. Ó ti gbó ni."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo fẹ́ràn bó ṣe rọra sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ràn ohun tó sọ. Ó ní òun ń fura sí àìsàn kan, orúkọ òyìnbó ló ń jẹ́, Pákínsìn. Ó ní ibì kan wà nínú ọpọlọ tí ń kú díẹ̀díẹ̀, tí kò sì ní lè máa pàṣẹ fún ara mọ́. Oògùn wà tó lè dì í mú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn tó ń wò ó sàn ò sí. Iwájú ló ń lọ, kì í padà sẹ́yìn. Ó wá ní, nígbà mìíràn ṣá o, kókó kan ló máa ń hù sínú orí, tí yóò máa ṣe èèyàn bákan náà. Bó bá jẹ́ kókó ni, àwọn dókítà kan wà ní Ìbàdàn tó lè yọ ọ́ tí èèyàn á sì gbádùn. Ìbàdàn náà ni ẹ̀rọ tí ń ya fọ́tò inú orí wà, sikáànù ni wọ́n ń pè é. Fọ́tò yẹn ò lè fi Pákínsìn hàn, ó ní, àmọ́ bí kókó bá wà, yóò fi í hàn.

Mo rò ó. Ìwé méjì péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ ọjà ná.

"Dókítà, bí fọ́tò náà bá mọ́ ńkọ́? Tí wọ́n wò ó tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀?"

Ó wo tábìlì. Ó ní, "Á jẹ́ èyí tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn ni, Ìyá."

Nínú ọkọ̀ tí à ń bá bọ̀, ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, èyí tí ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, Màámi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan."

Mo ní, "Pa ẹnu rẹ dé. Gbàdúrà pé kí wọ́n rí i."

Ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Ta ni kì bá rò bẹ́ẹ̀?

Mo ti rí àìsàn yìí rí, mi ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Ìfọ́n ni wọ́n ti bí mi, ọkọ ló gbé mi wá sí Ìlobù. Àbúrò bàbá mi kan wà ní agboolé wa ní Ìfọ́n, àgbẹ̀ tó máa ń dá ebè ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́; omi àlùwàlá á ti dànù tán láàárín ìkòkò àti ojú rẹ̀. Bó bá fẹ́ẹ́ jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, á dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó wọlé. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ẹ̀kọ ń gba àgbọ̀n padà. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé ọkùnrin náà ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lójú rẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ ń tẹ̀ lé èèyàn káàkiri yàrá, ìyókù ojú rẹ̀ dúró gbagidi bí igi. Ó pẹ́ kó tó kú. Pípẹ́ yẹn ló burú níbẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ẹnì kan kì í dá gbé ìyàwó lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ẹ́ tú orí rẹ̀ wò. Ó níláti ránṣẹ́ sí àwọn tó bí i, kí wọ́n má baà wí lọ́la pé àwọn ò gbọ́. Ọkọ mi ránṣẹ́ sí Ìfọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àárín Ìfọ́n àti Ìlobù ń rùn lákòókò náà, ó sì wá bí ẹni ń bọ̀ ní ilé ẹjọ́, ó dé fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí. Wọ́n gbé omi fún un, ó fi ẹnu kàn án. Àbúrò ọkọ mi, tí èmi náà ń pè ní ọkọ mi, jókòó kọjú sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀yin àna wa, ẹ kú ìtọ́jú o. Ṣùgbọ́n orí tí ẹ fẹ́ẹ́ gbé lọ Ìbàdàn yìí, láti Ìfọ́n la ti gbé e wá fún yín. Odindi la gbé e wá. Odindi la fẹ́ẹ́ máa rí i."

Àbúrò ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó fẹ́ẹ́ la orí. Fọ́tò ni wọ́n fẹ́ẹ́ yà."

"Fọ́tò inú orí?"

"Inú orí ni."

"Ibo ni wọ́n máa gbà wọlé yà á?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọmọ mi ò tíì dé láti Òṣogbo. Ni mo bá rọra ní, "Etí ni wọ́n máa gbà."

Láyé àtijọ́, wọn ì bá ti máa yí nílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn wo ojú mi, wọn ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. "Mo wí bẹ́ẹ̀. Etí. Ẹ ò rí i pé ó léwu?" Àbúrò ọkọ mi náà fi ọwọ́ kan etí ara rẹ̀. Mi ò ní agbára láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo jẹ́ kí wọ́n máa bá etí wọn lọ.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó ni orí. Àbúrò ọkọ mi ní láti ìgbà tí orí náà ti dé Ìlobù, àwọn ni wọ́n ń ra gèlè fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó ń ra gèlè fún orí kọ́ ló ni orí. Àbúrò ọkọ mi ní orí tó bá ti bímọ sílùú ti di ọmọ ìlú. Ohùn ń gòkè. Ọkọ mi, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í dá sí ìjà, fi ọwọ́ lu orúnkún.

"Ẹ kúkú ri òpó sí i láàárín," ó ní. "Kí Ìfọ́n mú apá ọ̀tún, kí Ìlobù mú apá òsì."

Ẹ̀rín bú. Àna méjèèjì rẹ́rìn-ín títí fìlà ẹ̀gbọ́n mi fi yẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ dùn mí ní ìhà. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Wọ́n fi ẹnu kò pé kí n lọ. Owó rẹ̀ pọ̀, ọkọ mi àti ọmọ mi sì ní àwọn á rí i. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ọwọ́, ó ṣe àdúà, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan nínú orí mi. Gbogbo ilé ṣe àmín. Àmín náà ń bà mí bí òkò. Mo fẹ́ẹ́ kígbe pé ẹ dákẹ́, ẹ̀ ń pa mí o, àmọ́ ohùn wo ni n bá fi kígbe?

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí à ń dáná, ìyàwó kékeré súnmọ́ mi. Obìnrin tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ àfi bí iyọ̀ bá tán.

"Ìyáálé mi, ẹ̀rọ Ìbàdàn yẹn. Ṣé ó máa ń fi ohun tí èèyàn ń rò hàn?"

Mo ní, "Ó ń fi í hàn kedere. Orúkọ rẹ ló máa kọ́kọ́ jáde."

Ojú mi ò yẹ̀, kò sì lè yẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bu ọbẹ̀ fún mi pẹ̀lú ibi tó dára jù nínú ẹran. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹran náà dùn.

Ẹ má rò pé eré ni mo ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí mo bá ti forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìkírun, kókó ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún. Mo ń ná an pẹ̀lú Rẹ̀ bí mo ṣe ń ná gàrí. Mo ní, "Ọlọ́run, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kó má tóbi jù o. Kó tó kóró iṣin. Bí ó bá ju kóró iṣin lọ, kó má ju obì lọ. Kó wà níbi tí ọwọ́ dókítà lè tó." Mo ń sunkún, omi ojú ń rọ̀ sórí ẹní, ojú tó ń sun ún kò sì yí padà rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, yóò rò pé òjò ló ń jò lé mi lórí.

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìrìnàjò ṣe ń súnmọ́, ọkàn mi ń sọ fún mi pé kókó kankan ò sí níbẹ̀. Mo kàn mọ̀ ni. Bí ẹni wo àpò gàrí láti òkèèrè tó mọ̀ pé ó ti bu. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi gbà ń wọ́ ilẹ̀, mo mọ ilé tí mo ti gbọ́ ìró rẹ̀ rí ní Ìfọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ẹ́ lọ, ọmọ mi gbé ọkọ̀ wá láti Òṣogbo. Mo ti wẹ̀, mo ti wé gèlè. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti Ìfọ́n, ó ti wọkọ̀ jókòó. Ọkọ mi ń ti ilẹ̀kùn yàrá. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo sì jókòó sórí pèpéle.

"Mi ò lọ mọ́."

Ọmọ mi rò pé ó rẹ̀ mí ni. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi. "Màámi, kí ló dé? Ṣé ẹ̀rù ń bà yín? Kò ní dùn yín rárá o. Ẹ kàn máa sùn gbalaja ni, ẹ̀rọ á yà á."

Ẹ̀gbọ́n mi yọ orí láti inú ọkọ̀. "Ṣé nítorí etí yẹn ni?"

Mo ní, "Kì í ṣe etí." Mo fa ọmọ mi súnmọ́ ẹnu mi kó lè gbọ́. "Lónìí tí wọn ò tíì wò ó, kókó ń bẹ níbẹ̀. Mo lè máa bẹ Ọlọ́run lé e lórí. Bí wọ́n bá wò ó, tí wọ́n ní kò sí, kí ni n ó tún máa bẹ̀bẹ̀ fún?"

Ó wo ojú mi. Ìgbà yẹn ló yé e pé n kò ṣàwàdà lọ́jọ́ tí à ń ti Òṣogbo bọ̀.

"Bí ó bá wà níbẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́, Màámi? Tó ń dàgbà, tó yẹ kí wọ́n ti yọ ọ́?"

Ọmọ tí mo fi gàrí rán níwèé, òun ló fi ọ̀rọ̀ dè mí mọ́ pèpéle.

Mo ní, "Kó máa dàgbà. Kó ṣáà wà."

Ó bú sẹ́kún. Ọkọ mi tún ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ọkọ̀ náà yí padà, ọmọ mi nìkan ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìfọ́n, ó ń wí lọ́nà pé òun ti mọ̀, òun ti mọ̀, etí ni.

Ọmọ mi lọ fi mí sun dókítà. Dókítà ní kó mú mi wá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò bínú. Ó rán ọmọ mi pé kó lọ tún káàdì mi gbà, ó ku èmi pẹ̀lú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ ò fẹ́ẹ́ mọ̀."

Mo ní, "Mo ti mọ̀. N kò kàn fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún mi ni."

Ó ní kò burú. Ó kọ oògùn kan, ó ní Ìbàdàn ni wọn á ti rà á, kí n máa lò ó. Ó wá fà mí súnmọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń dúnàádúrà. "N kò ní tàn yín. Oògùn yìí náà mọ ọ̀nà tó ń gbà wádìí. Bí ọwọ́ yín bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu dáadáa, èyí tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn ni. Bí kò bá gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ya fọ́tò, torí ó lè jẹ́ kókó."

Bí mo ṣe di aláìsàn kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tí ń bẹ Ọlọ́run kí oògùn rẹ̀ má jẹ́ nìyẹn. Mo ń lò ó. N kò lè ṣe kí n má lò ó, ọmọ mi ń ṣọ́ mi. Ó kọ́kọ́ ń rìn mí lára, mo ń bì. Bí mo bá ti bì, inú mi á dùn. Èmi á ní, oògùn yìí ò bá mi lára mu, ó ku kókó. Mo ń rẹ̀ sílẹ̀, mo ń nírètí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń ró ìró mi. Mo ró o tán, mo wé gèlè, mo wọ bàtà, kí n tó rántí pé ó ti pẹ́ tí n kò ti dá ṣe gbogbo ìyẹn láìsinmi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọwọ́ òsì lé itan, mo sì dúró kó bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Ó sùn lọ síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún tọ́ ọ, mo ní, gbọ̀n. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ̀n.

Ìyàwó kékeré ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi igbe bọnu, "Ọwọ́ Ìyáálé mi ò gbọ̀n mọ́ o!" Ọkọ mi sáré jáde, ó gbé ọwọ́ náà sókè bí ẹni rí ohun tó sọnù, ó ń ní "Alihamudulilaahi," ó ń tún un wí. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìfọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ní, "Ẹ ò rí i pé a ò kúkú nílò Ìbàdàn yín?" Òun àti àbúrò ọkọ mi jọ jẹun nínú àwo kan, ohun tí ojú mi ò rí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti gbóná. Wọ́n pa adìyẹ. Mo jẹ itan rẹ̀. Mo bá àwọn èèyàn dápàárá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá ti padà.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, mo wọ yàrá dókítà. Ọmọ mi tẹ̀ lé mi, kò lè jókòó, ayọ̀ ń tì í. N kò jẹ́ kí dókítà kí wa tán.

Mo ní, "Dókítà, mo ti ṣetán. Ẹ kọ ìwé Ìbàdàn yẹn fún mi. N ó lọ ya fọ́tò náà."

Ó fi ọwọ́ mi sórí tábìlì, ó wò ó. Ó ní kí n fi ìka kan àtàǹpàkò. Ìka náà ń sáré, kò kúrú, kò dúró. Ó di ọrùn ọwọ́ náà mú, ó yí i, ó rọ̀. Ó ṣe múlọ́múlọ́ bí ọwọ́ ọmọdé. N kò rí ẹni tí ìròyìn ayọ̀ ba ojú rẹ̀ jẹ́ tó ti dókítà yẹn rí.

"Ìyá, kò sí ìdí rẹ̀ mọ́."

"Ẹ jẹ́ n lọ ná. Wọ́n lè rí nǹkan."

"Kò sí ohun tí wọ́n máa rí."

Ọmọ mi ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!" ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún dókítà, ó ń dúpẹ́, ó ń fi omijé dúpẹ́. Dókítà ń wò mí lókè orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń bi mí bóyá kí òun sọ fún un pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Mo mi orí pé rárá.

Nínú ọkọ̀ Ìlobù, ẹnu ọmọ mi ò dúró. Ó sọ fún awakọ̀ pé ìyá òun ti gbádùn, ó sọ fún obìnrin tó gbé adìyẹ lé itan, ó sọ fún àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Wọ́n ń bá a yọ̀. Wọ́n ń kí mi láti gbogbo àga, wọ́n ní a kú oríire, wọ́n ní kò ní padà mọ́ láéláé. Mo ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ẹ ṣeun, àmín o, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà, títí a fi wọ ìlú.